Èènì kọ́ nìyẹn o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa ń túmọ̀ ìwé kan lórí bí àwọn ọlọ́sìn màlúù ṣe ń ta ẹran ní Írẹ́lándì. Owó tí ilé ìpẹran ń fi kún iye ẹran tó bá ohun tí ọjà ń fẹ́ mu, ó pè é ní “owó èènì”. Ó ní ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, kí ló tún kù?

Ohun tó kù pọ̀. Ta ní ń fún ta ní èènì? Lọ́jà Kétu tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ìyá tó ń ta gàrí á wọn igbá tirẹ̀ tán, á fọwọ́ gé orí rẹ̀ dọ́gba, á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Ọwọ́ ẹni tó ń tà ló ti ń bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ń rà. Ní Írẹ́lándì, ilé ìpẹran ló ń rà, àgbẹ̀ ló ń tà. Ẹni tó ń rà ló wá ń ṣe èènì? Ẹ̀yìn ìyá mi àgbà ni mo dàgbà sí nínú ọjà yẹn, n kò gbọ́ ọ rí. Ìyá onígàrí kì í sì í béèrè ọjọ́ orí ẹ kó tó bu èènì fún ẹ.

Owó tí à ń wí yìí ń béèrè. Màlúù kò gbọdọ̀ ju oṣù 30 lọ. Kò gbọdọ̀ ti gbé oko tó ju mẹ́rin lọ. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún ẹran, ọ̀rá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré jù tàbí kó pọ̀ jù. Bó bá fi ọjọ́ kan ré oṣù 30 kọjá, olówó rẹ̀ kò ní rí gbogbo owó náà gbà mọ́. Sẹ́ǹtì 12 (ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì ni yúrò kan) ni lórí kílò kan tẹ́lẹ̀. Ní 2019, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé ìpẹran, ó di 20. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹran kílò 350, yúrò 70 nìyẹn, ó lé ní 45,900 fàráńkì CFA tiwa, lórí màlúù kan ṣoṣo. Ẹni tí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lọ sọ fún un pé èènì ló bọ́.

Bàbá olùkọ́ wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ dábàá “owó ojú-òṣùwọ̀n”. Ó sún mọ́ ọn, torí a máa ń sọ pé nǹkan kún ojú òṣùwọ̀n. Àmọ́ bàbá, ẹ dákun, ẹ wo “kún” yẹn dáadáa. Gàrí tó bá kún ojú òṣùwọ̀n tó tún ṣẹ́ lé e, ta ní ń bínú sí i? Màlúù tí ọ̀rá rẹ̀ ṣẹ́ lé òṣùwọ̀n ńkọ́? Owó rẹ̀ á dín, bíi ti èyí tí kò tó. “Owó wẹ́kú” ni mo mú wá ní tèmi. Ọmọrí tó bá ẹnu ìkòkò mu, tí kò fẹ̀, tí kò há, àwọn àgbà wa ní ó ṣe wẹ́kú. Màlúù wẹ́kú, owó wẹ́kú. Ẹnu gbà á.

Nílé níbí, ojú la fi ń ra màlúù. Alápatà á yí i po, á tẹ ìdí ìrù rẹ̀ wò, á dá owó, Fúlàní á rẹ́rìn-ín. Bóyá ìdí nìyẹn tí a ò fi ní orúkọ fún un.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ọmọ Àjàṣẹ́ sọ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe “ní” (bíi “mo ní owó”) ni èènì ti wá. Ohùn òkè ni “ní”. Rí di ìrí, mọ̀ di ìmọ̀, lọ di àlọ: ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe kì í sá. Ohùn ìsàlẹ̀ ni èènì parí sí; ibo wá ni ohùn òkè ti “ní” gbà lọ? Ó ní olùkọ́ òun ní yunifásítì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí olùkọ́ náà wá jókòó ti àwọn onígàrí wa lọ́jọ́ ọjà kan.

Ẹni tó sì sọ pé “ènì” ló tọ́, pé àwa ará Kétu ló ń fa fáwẹ̀lì gùn láìnídìí, mo rí i o. N ó dá a lóhùn lọ́tọ̀.