Kí ló dé tí òjòlá tó máa ń ṣe jẹ́jẹ́ fi ṣán àlejò?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń sin ejò. Òjòlá ọ̀sìn kan ní Adó-Èkìtì, tí kì í bínú rárá, ṣán àlejò lọ́wọ́. Kò ní oró, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ jáde.

Àlejò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kun òkété tán, omi lásán ló fi ṣan ọwọ́, ó sì na ọwọ́ náà sí òjòlá láti òkè bí àṣá. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà létè òjòlá ló fi ń mọ ooru. Ọwọ́ gbígbóná tó ń rùn bí eku, oúnjẹ ni lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, ó fẹ́ bọ́ awọ, kò ríran dáadáa. Èwo ló fà á jù? Ṣé ọṣẹ nìkan tó, àbí ká fi ìkọ́ irin kan òjòlá náà lára díẹ̀ ká tó gbé e, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.