Ṣé ìwé tí àwọn onímọ̀ anthropology kọ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní 1947 tako ara rẹ̀ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ anthropology (ìmọ̀ nípa ènìyàn àti àṣà wọn), ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí àpilẹ̀kọ mi ti dúró sójú kan.

Ẹ̀kọ́ Franz Boas, ọ̀kan lára àwọn àgbà onímọ̀ anthropology ní Amẹ́ríkà, yé mi: ká má fi òṣùwọ̀n àṣà tiwa wọn ti ẹlòmíràn. Ní 1887, ó jiyàn pé kí àwọn mùsíọ́mù má kàn kó gbogbo ohun èlò orin jọ sójú kan. Kí ẹrù ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà pa pọ̀, kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè hàn. Mo fẹ́ràn àlàyé yìí gan-an.

1947 ló dojú ọ̀rọ̀ rú fún mi. Nínú ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ anthropology ní Amẹ́ríkà kọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún náà, wọ́n ní kò yẹ kí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jẹ́ òṣùwọ̀n Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nìkan. Síbẹ̀, wọ́n tún ní a lè fi ìlànà tó wà ní ìpìlẹ̀ àṣà dá ìjọba tó ń du aráàlú ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ kọ́. Mo ti fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Mo kọ ọ́ pé ọ̀tọ̀ ni ká lóye àṣà, ọ̀tọ̀ ni ká fọwọ́ sí i. Olùkọ́ mi ní kò tó, pé Boas fúnra rẹ̀ bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà ní gbangba. Òótọ́ ni. Mo ka ìkéde 1999 ti ẹgbẹ́ náà, tó gbárùkù ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn; kò yanjú tèmi.

Ìbéèrè mi: orí kí ni onímọ̀ tó gba ẹ̀kọ́ Boas lè dúró lé tó bá fẹ́ dá ìwà kan lẹ́bi, tí kò fi ní jẹ́ pé òṣùwọ̀n àṣà tirẹ̀ ló ń lò?