Kòkòrò onírun lára igi ẹ̀yìnkùlé: ta ló mọ̀ ọ́n?

Ìyá Ìbejì, Croydon:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti àná ni ọrùn àwọn ìbejì mi ti ń yún wọn, ó ti sú pọ́npọ́n. Táyé ní òun rí kòkòrò onírun tó tò lẹ́yìn ara wọn bí ọmọ iléèwé, lára igi tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo ti fi òrí pa á, kò gbọ́.

Bàbá Ọlọ́gbà, Richmond:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ṣé igi óákù ni?

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, èmi tí n kò mọ̀ ju ìrókò lọ 😂. Etí ewé rẹ̀ rí wágunwàgun. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ èèpo igi, ó tó bọ́ọ̀lù tẹníìsì.

Bàbá Ọlọ́gbà:
Óákù nìyẹn. Oak processionary moth ni wọ́n ń pe àfòpiná tó bí wọn. Àárín àti gúúsù Yúróòpù nilé rẹ̀, ọdún 2006 ló fìdí kalẹ̀ ní London. Irun gígùn tí ẹ̀ ń rí yẹn kọ́ ló ń yún ni o. Èyí tí ojú kò rí ni, atẹ́gùn sì ń gbé e kiri. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n họ ọ́. Ẹ fi sẹlotéèpù lẹ̀ mọ́ ọrùn wọn, kí ẹ fi fa irun náà kúrò, kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ wọn. Bí èémí bá ń há ọmọ, ẹ pe 999 fún ọkọ̀ pàjáwìrì o.

Àǹtí Ìṣẹ́yìn, Peckham:
Èyí tí mo rí lára igi ẹlẹ́gùn-ún ńkọ́? Àárín ewé ni ilé tiwọn wà.

Bàbá Ọlọ́gbà:
Bí àmì pupa méjì bá wà nítòsí ìdí rẹ̀, ọmọ àfòpiná mìíràn tí wọ́n ń pè ní brown-tail ni. Òun náà ń yún ni. Ti óákù kì í kọ́lé sáàárín ewé, ara igi àti ẹ̀ka ni.

Àǹtí Ìṣẹ́yìn:
Ó mà jọ ilé kòkòrò sányán o, èyí tí wọ́n ń fi omi eérú sè kó tó di òwú.

Bàbá Ọlọ́gbà:
Ẹbí kan náà ni sányán àti ti óákù! Ìyá Ìbejì, ẹ dúró lókèèrè ya fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó igbó, lórí TreeAlert, ibi tí wọ́n ti ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí ayélujára.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti yà á. Bàbá wọn ló ń wá àkàbà báyìí, ó ní òun á fi igi ìgbálẹ̀ gbọ̀n ọ́n dànù.

Bàbá Ọlọ́gbà:
Ẹ gba àkàbà lọ́wọ́ wọn kíákíá! Ilé wọn tó ti ṣófo pàápàá, irun ṣì wà nínú rẹ̀.