Ohun èlò ìkọ́lé wo ló lè fara da etí odò láì ba àyíká jẹ́?

Ẹ̀yin onímọ̀ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Èmi ni wọ́n ní kí n yan ohun èlò tí a ó fi tún etí odò kan ṣe láàárín ìlú ńlá, níbi tí ọ̀nà ìrìn-ẹsẹ̀, ìjókòó àti ilé kéékèèké yóò wà, tí omi sì máa ń kún dé ibẹ̀ lọ́dọọdún. N kò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, nítorí pé sìmẹ́ǹtì ṣíṣe nìkan ló ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́.

Búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí a sì po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́, ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí. Mo rẹ ẹyọ kan sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Àárín rẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ ń rún sí mi lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Ṣé kí n fi kún sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ni, àbí kí n fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, kí amọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lókè ibi tí omi ń kún dé? Èyí kejì ló tọ́ lójú mi.

Oparun ló ń dà mí láàmú jù. Bórákísì, ìyẹ̀fun oníyọ̀ kan tí a fi ń tọ́jú igi, kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n omi máa ń fọ oògùn náà kúrò, inú odò tí ẹja wà ni yóò sì ṣàn lọ. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti lo oparun níbi tí òjò ti ń pa á tààrà? Kí lẹ fi tọ́jú rẹ̀, ọdún mélòó ló sì lò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà?