Ogunléndé tó jẹ́ ẹnjiníà, tó tún fẹ́ di mẹ́yọ̀ ní Amẹ́ríkà: ibo lọ̀nà gbà?

Ìbéèrè
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Xavier Suarez kúrò ní Cuba lọ́mọdé, ó kàwé ẹnjiníà ní yunifásítì Villanova, ó sì wọlé ìbò mẹ́yọ̀ Miami ní 1985. Ẹni tó wá dàgbà kó tó sá ńkọ́, tó ti gboyè ẹnjiníà nílé? Èwo ni kó kọ́kọ́ lé, láísẹ́ǹsì ẹnjiníà ni àbí ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà? Ṣé dandan ni láísẹ́ǹsì kó tó lè du ipò?

Ìdáhùn 1
Kì í ṣe dandan. Mẹ́yọ̀ kì í tẹ òǹtẹ̀ sórí àwòrán afárá. Bó bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà jẹun ni ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì wọlé, ìpínlẹ̀ ló sì ń fúnni. Kó tó rí i, ó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹnjiníà tó ní in.

Transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì ẹ̀kọ́ láti yunifásítì, ló máa ń dá wọn dúró jù. NCEES, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò láísẹ́ǹsì ẹnjiníà, ló ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò, wọ́n sì fẹ́ kí yunifásítì fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ wo yunifásítì tí ogun ti tú ká! Òṣùwọ̀n wọn ni kírẹ́díìtì 32 nínú ìṣirò gíga àti sáyẹ́ǹsì, 48 nínú ẹnjiníà. Èyí tó bá dín, á lọ kọ́ ọ kún un.

Ìdánwò FE, àkọ́kọ́ nínú ìdánwò láísẹ́ǹsì méjì, ló kàn: ìbéèrè 110, wákàtí 6 pẹ̀lú ìsinmi. Ojú kọ̀ǹpútà ni ìwé ìtọ́kasí wà. Casio fx-991 àti TI-36X wà lára ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n gbà. Èyí tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ wọn, ìta ló máa sùn. Orúkọ tó fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mu. Kí ọ̀kan jẹ́ Mohammed, kí ìkejì jẹ́ Muhamad, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti lè dá a padà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọdún 4, lọ́pọ̀ ìgbà, àti PE, ìdánwò kejì.

Ìdáhùn 2
Láísẹ́ǹsì àti ìwé ọmọ onílùú, kó má fi ọ̀kan dúró de ìkejì o. Lẹ́yìn ọdún 1 ni ogunléndé ń béèrè green card, káàdì ìgbé ayé títí lọ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọjọ́ tó wọ̀lú ni wọ́n máa kọ sí i. Ẹni tó dé ní 2020, tí káàdì rẹ̀ jáde ní 2022, láti 2020 la ti ń ka ọdún 5 tó gbọ́dọ̀ pé kó tó di ọmọ onílùú. Ó tún lè fi N-400, fọ́ọ̀mù ìbéèrè láti di ọmọ onílùú, sílẹ̀ ní ọjọ́ 90 ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ń ka ọjọ́ tí káàdì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń fi ọdún ṣòfò. Ẹni tó ti wà nínú ìlú kó tó tọrọ ààbò yàtọ̀: ọdún 1 péré ni wọ́n ń fà sẹ́yìn fún un.

Ibi tó léwu ni ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Fọ́ọ̀mù ibẹ̀ máa ń bi èèyàn bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Tí kò bá tíì di ọmọ onílùú, tó fàmì sí “bẹ́ẹ̀ ni”, ó lè ba N-400 rẹ̀ jẹ́, wọ́n tilẹ̀ lè lé e kúrò nílùú.

Ìdáhùn 3
Kó ka ìwé òfin ìlú tó ti fẹ́ ṣe mẹ́yọ̀ kó tó ná dọ́là kan, kó lè mọ bí iṣẹ́ mẹ́yọ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Wilmot Collins, ogunléndé láti Liberia, na mẹ́yọ̀ tó ti lo ọdún 16 ní Helena, Montana, ní 2017. Ṣùgbọ́n máníjà tí ìgbìmọ̀ gbà síṣẹ́ ló ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹnjiníà lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó ṣáà má jẹ́ kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ du kọ́ńtíráàtì ìlú.

Ìdáhùn 4
Ti Ireland rọrùn ju èyí lọ. Wọn kì í béèrè ìwé ọmọ onílùú fún ìbò ìbílẹ̀. Kéèyàn máa gbé ibẹ̀, kó pé ọdún 18. Rotimi Adebari láti Nàìjíríà wá ààbò lọ síbẹ̀ ní 2000, ó wọ ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise ní 2004, àwọn káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yàn án ní mẹ́yọ̀ ní 2007.