Dífírẹ́ńṣà iwájú wo ni ó yẹ Hilux tí ó ń ru iṣu jáde láti oko?

Àgbẹ̀ Ìgbòho:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ inú ọkọ̀. Hilux ọdún 1996 ni mo ń lò, onídísù 2.8, èyí tí ààsílì iwájú rẹ̀ jẹ́ odindi irin kan lórí sípíríǹgì pẹlẹbẹ gẹ́gẹ́ bíi ti ẹ̀yìn. Iṣu àti gbágùúdá ni mo fi ń kó, ọ̀nà oko náà kì í sì í ṣeé gbà lẹ́yìn òjò àfi kí ènìyàn fi ọkọ̀ sí fóò-wíìlì. Ní oṣù keje, bí mo ti ń gun bèbè odò kan pẹ̀lú ẹrù, nǹkan dún gbàù lábẹ́ iwájú, iwájú kò sì fà mọ́. Nígbà tí a tú u, eyín mẹ́ta ti kán lára kíráùnù, ìyẹn gíà ńlá inú dífírẹ́ńṣà tí ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ń dán yinrin bí ẹni pé wọ́n da lẹ́búlẹ́bú irin sí i.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ti gbà. Oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ní òun ní tọ́kùnbọ̀ tí ó bá èyí tí ó bàjẹ́ mu régí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúkú ra lọ́kà tí ilé-iṣẹ́ ARB ń ṣe, èyí tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, kí táyà iwájú méjèèjì lè máa fà pọ̀. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun lè jó gíà inú rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀sán kan. Èwo ni kí n ṣe? Mo tún ń rò ó pé kí n fi táyà tí ó ga ní ínǹsì 33 rọ́pò 205R16 tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mẹkáníìkì Ṣakí:
Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí a tó sọ̀rọ̀ agbára, ẹ jẹ́ kí a ka eyín. Ẹ ka eyín kíráùnù, kí ẹ fi iye eyín pínìọ́nù, ìyẹn gíà kékeré tí ń yí kíráùnù, pín in: bí ó bá jẹ́ 41 sí 10, 4.10 nìyẹn, bí ó bá jẹ́ 43 sí 10, 4.30 ni. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí pé Hilux yìí kò ní dífírẹ́ńṣà àárín, bí ẹ bá sì ti fa fóò-wíìlì, iye ìgbà kan náà ni pùròpẹ́là méjèèjì, ìyẹn ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí ààsílì, ń yí. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 4.10 tí iwájú sì jẹ́ 4.30, nígbà tí pùròpẹ́là bá fi máa yí ní ìgbà 41, táyà ẹ̀yìn á ti yí ní ìgbà mẹ́wàá, ti iwájú kò sì ní tíì ju mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀, ìjà á parí síbẹ̀. Lórí ilẹ̀ líle, ara irin ni ìjà náà máa parí sí.

Ti iwájú ti wà nílẹ̀, ẹ kà á. Ẹ kò nílò láti tú ti ẹ̀yìn: ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè kí ìkejì jókòó sórí ilẹ̀, ẹ fi gíà sí fírì, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sára táyà àti pùròpẹ́là. Kí ẹnì kan yí táyà náà ní ogún ìgbà gééré, kí ẹnì kejì máa ka pùròpẹ́là láti ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ rárá. Nítorí pé táyà kejì kò yí, ogún ìgbà táyà yìí jẹ́ mẹ́wàá péré fún kíráùnù. Bí ó bá ka 41, 4.10 ni, bí ó bá ka 43, 4.30 ni. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti pààrọ̀ ti ẹ̀yìn rí?

Àgbẹ̀ Ìgbòho:
Èmi àti ọmọ mi kà á láàárọ̀ yìí, a sì tún un kà nítorí pé n kò gbà á gbọ́. Èyí tí ó bàjẹ́ níwájú ní eyín 43 àti 10, ṣùgbọ́n ìgbà 41 péré ni pùròpẹ́là ẹ̀yìn yí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mẹkáníìkì kan bá mi gbé dífírẹ́ńṣà ẹ̀yìn mìíràn wọlé, ó sì ní kò síyàtọ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá gbàgbé ọkọ̀ sí fóò-wíìlì lójú ọ̀dà, gíà náà kì í fẹ́ jáde mọ́. Mo ṣebí ọkọ̀ ń darúgbó ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Texas:
Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé tọ́kùnbọ̀ tí ó bá èyí tí ó bàjẹ́ mu régí gan-an ni ẹ kò gbọdọ̀ rà. 4.10 ni kí ẹ wá.

Ní ti lọ́kà, òótọ́ ni pé dífírẹ́ńṣà lásán kì í fún táyà tí ó dúró lórí ilẹ̀ gidi ní agbára ju èyí tí táyà tí ń yọ̀ lè gbà lọ, lọ́kà sì máa ń mú kí méjèèjì yí pọ̀ tipátipá. Ṣùgbọ́n táyà iwájú ni a fi ń yà. Bí lọ́kà bá wà níṣẹ́ tí ẹ sì yí ọwọ́ ọkọ̀ dópin, CV joint, ìyẹn oríkèé tí ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú bí ó bá ń yà, á gba ẹrù náà níbi tí ó ti tẹ̀ jù lọ, òun ni yóò sì kọ́kọ́ fọ́. Ohun mìíràn tún wà: pínìọ́nù iwájú Hilux yìí wà nísàlẹ̀, nítorí náà bí ó bá ń fà lọ síwájú, ẹ̀yìn eyín ni ó ń gba agbára, ẹ̀yìn eyín kò sì lágbára tó ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń fi Toyota gun àpáta fi ń wá dífírẹ́ńṣà iwájú Land Cruiser 80, tí pínìọ́nù rẹ̀ wà lókè tí wọ́n sì gé eyín rẹ̀ lódìkejì. Fún ọkọ̀ iṣu, àṣejù nìyẹn. Bí owó lọ́kà kan bá wà, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ sí bí ẹ bá ń gun òkè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé táyà 33. 205R16 ga tó ínǹsì 29. Bí ẹ bá wọ 33, 4.10 yín á máa ṣe bíi 3.60, ẹ́ńjìnnì á sì máa mí hẹlẹ. Kí ó tó lè fà bíi ti tẹ́lẹ̀, 4.56 tàbí 4.88 ni ẹ máa rà, níwájú àti lẹ́yìn.

Bàbá Onísípéè:
Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kàn án. Èyí tí a bá jó pọ̀ kò ní tú sílẹ̀ mọ́ láé, ọwọ́ ọkọ̀ á sì le bí òkúta bí ẹ bá fẹ́ yà.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Bí eyín kan bá sán létí tàbí tí ó ti dúdú nítorí ooru, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ di pínìọ́nù mú, kí ẹ mi kíráùnù síwá-sẹ́yìn: ààyè tí ó yẹ kí ó wà kò ju mílímítà 0.13 sí 0.18 lọ, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbọ́ kò-kò, kì í ṣe èyí tí ẹ máa rà. Kíráùnù àti pínìọ́nù tí wọ́n jọ jẹ́ méjì-méjì ni, ẹ má ra ọ̀kan níhìn-ín kí ẹ ra èkejì lọ́hùn-ún. Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ fi kẹrosíìnì fọ inú ààsílì dé ìpẹ̀kun, kí lẹ́búlẹ́bú irin yẹn má bàa pa bẹ́rìnì tuntun. Ọ́ìlì gíà tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni kí ẹ dà sí i.

Nítorí pé ẹ ń kọjá odò, ẹ yẹ ihò ìmí orí ààsílì wò. Bí ó bá dí, tí irin gbígbóná sì wọ omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi gba ojú síìlì wọlé. Ọ́ìlì á wá funfun bí ògì. Ẹ fi ọ̀pá rọ́bà kan gùn ún dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àgbẹ̀ Ìgbòho:
Mo ti pe oníṣòwò náà padà. Ó ní 4.10 kan wà lọ́dọ̀ òun, kí n wá kà á fúnra mi. Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ.