Oníbàárà méjì, ìwé owó wọn dàpọ̀ nínú Python

Ọmọ Ọbòkun
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gba àjọ ní Ọjà Àtákúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà. Ó ní kí n bá òun gbé e kúrò lórí káàdì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ni mo bá fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ eléyìí:

```
class Apo:
    owo = 0
    iwe = []

    def fi_si(self, iye):
        self.owo += iye
        self.iwe.append(iye)
```

Ìyá elélùbọ́ dá 500, alátà dá 200. Owó àpò kálukú péye. Ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ ìwé ìyá elélùbọ́ jáde, [500, 200] ni mò ń rí. Ti alátà náà, bákan náà! Kí ló dé tí owó ò dàpọ̀, tí ìwé wá dàpọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wò mí bíi gbájúẹ̀.

Ará Lágere
Kó `owo` àti `iwe` wọ inú `__init__`, ìyẹn apá tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àpò tuntun, kí o fi `self.` ṣíwájú wọn.

Ọmọ Ọbòkun
Ó ti ṣiṣẹ́ o, ẹ ṣé! Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìdí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Mọdákẹ́kẹ́
Àbúrò, ohun tí o bá kọ sábẹ́ class (àwòṣe tí a fi ń dá àpò kálukú) báyẹn, àjùmọ̀ni gbogbo oníbàárà ni. Ó dà bí alájọ tó gbé pátákó kan ṣoṣo kọ́ ògiri, tí gbogbo ẹni tó bá dé ń kọ owó rẹ̀ sí i. `append` kì í wá list (àkójọ nǹkan, bíi `iwe`) tuntun, èyí tó bá nílẹ̀ ló ń kọ sí. Nọ́ńbà ò rí bẹ́ẹ̀: `+=` mú odo ti class, ó ro iye mọ́ ọn, ó wá fi èsì rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ oníbàárà yẹn nìkan. Ohun tó kó owó yọ nìyẹn.

Má sì lọ kọ `def __init__(self, iwe=[])` o. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Python ń ṣe list yẹn, o ti padà sídìí pátákó nìyẹn.

Method (iṣẹ́ tí class mọ̀ ọ́n ṣe, bíi `fi_si`) tí wọ́n fi ń gbowó dà? Bí ẹnìkan bá béèrè ju ohun tó wà nínú àpò, kó yarí: `raise ValueError`. Owó ọjọ́ kan tí alájọ máa ń mú ńkọ́?

Ọmọ Ọbòkun
Háà, owó iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni mo gbàgbé! Mo ti kọ ọ́ báyìí. Alátà dá 200 fún ọjọ́ 31, ó jẹ́ 6,200. Ẹ̀gbọ́n mú 200, ó ku 6,000. Mo ní kó san 6,100, ó yarí. Bàbá mi àgbà ṣe òṣómàáló láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n èmi ò lè lóṣòó síwájú alátà nítorí ọgọ́rùn-ún náírà.